Ewéko tó ń bo ọ̀sà Àjàṣẹ́: ṣé kí n máa hun ún tà, àbí kí n fi í mọ sí iṣẹ́ ìlú?

Àbẹ̀ní_Etí_Ọ̀sà béèrè:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò sì jìnnà sí èbúté. Bí mo bá dá ẹ̀rọ dúró, mo máa ń gbọ́ ohùn àwọn apẹja tí wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ wọn gòkè. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, ẹnì kan sì ń retí èsì lẹ́nu mi, ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síbí.

Ẹni tó bá mọ ọ̀sà wa mọ ewéko tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Jàsẹ́ńtì là ń pè é, ẹnu àwọn onífaransé la ti gbà á. Ewé rẹ̀ rí róbótó, ó ń dán, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, ó wuni í wò. Tí odò Ouémé bá ti kún, láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án lọ, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wá bá wa ní ìdì ńláńlá, títí a kò fi ní rí ojú omi mọ́. Àwọ̀n á há. Ọkọ̀ á há. Àwọn ìyá tó ń gbé ẹja ti Aguégués bọ̀ á máa fi ọ̀pá ti ewéko sẹ́yìn kí wọ́n tó rí ọ̀nà, ọjà á sì ti kún kí wọ́n tó gúnlẹ̀.

Ìyá ìyá mi ló kọ́ mi ní ẹní híhun. Ìko ni wọ́n fi ń hun tiwọn. Lọ́jọ́ kan mo rí jàsẹ́ńtì tí àwọn apẹja wọ́ dà sí etí omi, oòrùn ti pa á gbẹ, mo fa ọ̀pá ewé rẹ̀ kan, kò já. Mo di mẹ́ta pọ̀, ó gbà. Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní Sátidé, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ kùtùkùtù. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó mọ omi í wẹ̀ ló ń wọ ọkọ̀, wọ́n á fi àdá gé jàsẹ́ńtì, wọ́n á fi réèkì wọ́ ọ wá sí etí. Àwa tó kù á máa ṣà á. Ṣíṣà yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Èyí tó dàgbà níbi tí wọ́n ti fún mọ́ra, ọ̀pá rẹ̀ máa ń gùn, á tẹ́ẹ́rẹ́, òun la ń hun. Èyí tó dá wà ní gbangba omi, ọ̀pá rẹ̀ kúrú, ó wú gbọngbọn láàárín, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀; ajílẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ a tún máa gbé e yẹ̀ wò nínú oòrùn bóyá ihò kékeré wà lára rẹ̀, nítorí èyí tí kòkòrò ti gbẹ́ inú rẹ̀ máa ń ṣẹ́ nígbà tí a bá ń dì í. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ wà láàárín wọn. Tí ó bá ti ní “èyí ti bàjẹ́”, n kì í tún un wò mọ́. Bí a sì ti ń gbọn gbòǹgbò rẹ̀, ọ̀rá ló kàn ń já bọ́: ọ̀rá omi mímu, ọ̀rá ọjà. Òfin tó ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ti wà ní Bẹ̀nẹ̀ láti 2017, síbẹ̀ inú gbòǹgbò jàsẹ́ńtì ni ọ̀rá wà. A ń kó ìyẹn náà sọ́tọ̀.

Ohun tí a bá hun, a kì í tà á. Agbọ̀n ìdọ̀tí ló pọ̀ jù nínú wọn: ilé ẹ̀kọ́ gba díẹ̀, mọ́sáláṣí gba, ṣọ́ọ̀ṣì gba, àwọn ìyá ọjà náà gba. Mo máa ń pa díẹ̀ nínú ọ̀pá náà láró kí n lè hun àwòrán ẹja àti lékeléke sí ara agbọ̀n. Àwọn ọmọ ló ń sọ ohun tí mo máa hun.

Láìpẹ́ yìí, oníṣòwò kan láti Kútọnu rí ọ̀kan nínú àwọn agbọ̀n náà. Ó ní kí n máa hun ọ̀pọ̀ fún òun lóṣooṣù, òun á máa kó o fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì. Owó tó dá lé e kò kéré lójú mi. Mo lè fi san owó ilé ìwé ọmọ mi, mo sì lè fi ra ọkọ̀ tiwa, torí ọkọ̀ ẹlòmíràn la ń yá lò.

Ìbéèrè mi rèé. Ewéko yìí, ọ̀tá ọ̀sà wa ni. Tó bá wá di pé ara rẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ṣé inú mi kò ní máa dùn lásìkò tí inú àwọn apẹja ń bàjẹ́? Àwọn ọmọ tó ń jáde nítorí ìlú ńkọ́, ṣé màá wá sọ wọ́n di lébìrà ni? Èyí tó sì wúwo jù lọ́kàn mi: n kò gbin jàsẹ́ńtì, n kò ni omi, ta ló fún mi láṣẹ láti tà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé “gbà á, owó ni”. Ohun tí ẹ rò gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

Ọmọ_Apẹja_Aguégués dáhùn:

Àǹtí Àbẹ̀ní, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo mọ èbúté yín, mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Apẹja ni bàbá mi, apẹja lèmi náà. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn bẹ̀rẹ̀, torí òun ló kan àwa.

Gbogbo ibi tí ẹ ti ń gé jàsẹ́ńtì, ẹnì kan wà tó ń dẹ àwọ̀n níbẹ̀ tàbí tó ní àkájá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ àkájá: ẹ̀ka igi tí a gún mọ́ ilẹ̀ abẹ́ omi kí ẹja lè wá fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ìnáwó ńlá ni, ẹ̀ka igi sì ti wọ́n báyìí. Tí àwọn ọ̀dọ́ yín bá wọ́ ìdì jàsẹ́ńtì gba orí àkájá olówó kọjá, ìjà dé nìyẹn, kódà bó jẹ́ pé oore lẹ wá ṣe. Torí náà, kí owó tó wọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ lọ kí àwọn àgbà apẹja èbúté yín. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ oníṣòwò yẹn fún wọn láìfi nǹkan kan pamọ́. Kí ẹ wá béèrè pé, “Ibo lẹ fẹ́ ká là fún yín?” Wọ́n á nawọ́ sí i. Ó dá mi lójú pé ọ̀nà ọkọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi hàn yín. Ẹ gé ibẹ̀. Ọ̀pá tí ẹ bá rí níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa bá yín dù ú, torí pé ọ̀nà lẹ là.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ bẹ̀ yín: ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n má fi àdá kan òṣíbàtà. Òun ti wà lórí omi wa kí jàsẹ́ńtì tó dé. Ewé tiẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi, gbòǹgbò rẹ̀ sì dúró nínú ẹrẹ̀. Jàsẹ́ńtì kò di ilẹ̀ mú, afẹ́fẹ́ ló ń darí rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó wá ṣe ìmọ́tótó tí wọ́n ro méjèèjì mọ́lẹ̀ pátápátá, tí wọ́n sì ya fọ́tò lórí rẹ̀. Abẹ́ òṣíbàtà ni ọmọ ẹja máa ń sá sí. Ó dùn mí lọ́jọ́ yẹn.

Ti pé bóyá inú yín á máa dùn nígbà tí tiwa ń bàjẹ́: àǹtí, ẹni tó bá ń kó jàsẹ́ńtì kúrò lọ́nà wa, ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ máa dùn.

Àgbẹ̀_Wàńdó dáhùn:

Àbẹ̀ní, ọmọ mi, mo kí ọ. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gbìn, èmi àti ewéko yìí sì ti jọ fà á nígbà tí ara ṣì le. Fara balẹ̀ gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀.

Wo bí jàsẹ́ńtì ṣe ń gbé ayé rẹ̀ ná. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Kí àwọn ọdún 1980 tó dé àárín, ó ti gba ọ̀sà wa, ojú omi wa níbí ló sì gbà lọ sí Àgbádárìgì ní 1984; bó ṣe wọ Nàìjíríà nìyẹn. Níbi tí oúnjẹ rẹ̀ bá ti pọ̀ nínú omi, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Oúnjẹ rẹ̀ sì ni ìdọ̀tí wa: omi gọ́tà, omi ṣáláńgá, ajílẹ̀ oko tí òjò gbá wọ odò. Ọwọ́ rẹ kò lè hun ún tán, ọwọ́ gbogbo aránṣọ Àjàṣẹ́ pẹ̀lú tìrẹ kò lè hun ún tán. Nítorí náà ọ̀rọ̀ bóyá wàá máa gbàdúrà kó má tán, fi ìyẹn sílẹ̀. Kò dúró de àdúrà ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń pa á lọ́dọ̀ wa, méjì ni. Iyọ̀ ni ọ̀kan. Tí òjò bá dá tí omi Ouémé fà, omi òkun á gba ẹnu òkun tó wà ní Kútọnu wọ adágún Nokoué, á gba ọ̀nà omi Totchè dé ọ̀dọ̀ wa. Jàsẹ́ńtì kò lè bá iyọ̀ gbé: ewé rẹ̀ á pọ́n, á rọ, á jẹrà, á rì. Èkejì ni kòkòrò tí àwọn ọmọ ń wá ihò rẹ̀ yẹn. Kì í ṣe kòkòrò ilẹ̀ wa. Láti 1991 ni àwọn onímọ̀ IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀ sójú omi ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, Gúúsù Amẹ́ríkà kan náà ni ìran wọn ti wá, wọ́n sì ti dán wọn wò dáadáa kí wọ́n má baà yí padà sí irè oko wa. Kòkòrò kékeré ni, ẹnu rẹ̀ gùn. Ìyá rẹ̀ ń ha ojú ewé, ọmọ rẹ̀ ń gbẹ́ inú ọ̀pá. Ìwádìí kan tó jáde ní 2003 ṣírò pé nípasẹ̀ iṣẹ́ àwọn kòkòrò yìí, owó tó ń wọlé fún àwọn ará etí omi gúúsù Bẹ̀nẹ̀ fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 30.5 dọ́là lé sí i lọ́dún. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bẹ̀ ọ́: ọ̀pá tí ọmọbìnrin yẹn bá ní ó ti bàjẹ́, ẹ má sun ún, ẹ má sì kó o sí ajílẹ̀. Ẹ dá a padà sórí jàsẹ́ńtì tó ṣì wà lójú omi, kí ọmọ kòkòrò inú rẹ̀ lè dàgbà, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Sọ fún ọmọ náà pé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe.

Ó wá kù síbi tí ẹ̀rù ti ń bà mí fún ọ, ìwọ fúnra rẹ kò sì mẹ́nu kàn án. Oníṣòwò rẹ ní lóṣooṣù. Nínú oṣù kejì, oṣù kẹta, nígbà tí iyọ̀ bá ti wọlé, ojú omi á mọ́ kedere, kò ní sí ọ̀pá láti gé. Oníṣòwò á máa pè. O ti gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wà nípò yẹn ló ń gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé, á pọn omi tí kò níyọ̀ sí i, á mú jàsẹ́ńtì díẹ̀ sínú rẹ̀, á ní kí iṣẹ́ má baà dúró ni. Àbẹ̀ní, má ṣe é láéláé, má sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún ọ. Nígbà tí òjò bá dé, kòtò yẹn á kún, á ṣàn, jàsẹ́ńtì tí òkun ti bá wa pa á sì padà sínú ọ̀sà láti ọwọ́ wa.

Lójú tèmi, gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kí àdéhùn rẹ jẹ́ ti ìgbà, kí ó má jẹ́ ti oṣù. Lásìkò ẹ̀kún omi, ẹ gé, ẹ sá, ẹ kó pamọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ hun. Tí ọ̀pá inú yàrá bá tán, iṣẹ́ tán nìyẹn títí omi yóò fi tún kún. Kí o sọ ọ́ fún un lójú, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú kílò mẹ́wàá tí ẹ bá wọ́ jáde, omi nìkan á lé ní kílò mẹ́sàn-án, nítorí náà tètè ṣírò iye tí o lè rí kó pamọ́ kí o tó ṣèlérí fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ti ajílẹ̀: lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Songhaï níbí ní Wàńdó, ilé iṣẹ́ tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Wọ́n ń fi jàsẹ́ńtì ṣe gáàsì ìdáná níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún èyí tí ẹ bá gé lẹ́bàá ẹnu gọ́tà. Jàsẹ́ńtì a máa fa májèlé inú omi sára, títí kan òjé. Ẹ lè fi ìyẹn hun agbọ̀n, ẹ má fi ṣe ajílẹ̀ tẹ̀tẹ̀ àti gbọma, ẹ má sì fi bọ́ ẹlẹ́dẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àjárá dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọmọ ni mò ń rò. Ìgbín wẹ́wẹ́ máa ń gbé lára ewéko omi bí èyí, ara irú ìgbín bẹ́ẹ̀ sì ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń jáde. Kò nílò egbò, ó ń gba awọ ara tó mọ́ wọlé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀, á sì máa tijú láti sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣà á lórí ilẹ̀ gbígbẹ, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti pa á díẹ̀. Kí wọ́n má fẹsẹ̀ kan omi. Àwọn tó ń wọ́ ọ, bàtà òjò gígùn àti ìbọ̀wọ́ ló yẹ wọ́n. Ọmọ tó bá ti ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má fi àgbo fà á gùn, ẹ mú un wá sí ilé ìwòsàn; oògùn praziquantel wà, ó sì ń wò ó sàn. Ejò náà máa ń ká sínú ìdì ewéko, ẹ fi ọ̀pá lù ú kí ẹ tó nawọ́ sí i.

Ará_Attakè dáhùn:

Èmi kò fara mọ́ ọn o, ẹ má bínú. Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń gbá àdúgbò, tọkàntọkàn la fi ń ṣe é. Ọjọ́ tí ẹnì kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa ní owó díẹ̀díẹ̀, àwọn kan ní tiwọn kò tó, àwọn kan ní lágbájá kò ṣe tó tàwọn. Kò pẹ́ tí kò sí ẹni tó ń jáde mọ́. Ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní.

Ọ̀sà yìí kì í sì í ṣe ti èbúté kan. Láti 2000 ni wọ́n ti kọ ọ̀sà Àjàṣẹ́, adágún Nokoué àti ìsàlẹ̀ odò Ouémé mọ́ àwọn ilẹ̀ olómi tí àdéhùn Ramsar, èyí tó wà fún ìdáàbòbò irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, mọ̀ káàkiri ayé. Ẹyẹ tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá ń sọ̀ síbẹ̀. Arábìnrin, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn, òun ni àwọn òbí fi ń jẹ́ kí ọmọ wọn tẹ̀ lé yín. Ẹ fi aṣọ rírán jẹun, ẹ fi jàsẹ́ńtì sìnlú. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Ọmọ_Agbẹ́gilére_Kétu dáhùn:

Ará Attakè, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ohun tí ẹ rí yẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n Kétu ni mo ti wá, ilé agbẹ́gilére ni wọ́n bí mi sí, a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ti ìlú ni, ti àwọn ìyá wa ni. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ó jẹ́ ohun àjogúnbá tó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kéde rẹ̀ ló ti jẹ́ ti ìlú. Síbẹ̀, ẹni tó gbẹ́ igi, tó kùn ún, a máa gba owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bàbá mi gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, wọ́n sì gbẹ́ odó àti àpótí fún títà, nígbà míì láti ara ìtì igi kan náà. Owó odó ló ra oúnjẹ tí a jẹ. Ohun tí wọn kì í ṣe ni kí wọ́n da méjèèjì pọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àlejò kan fẹ́ ra ère tí wọ́n ti gbẹ́ fún ọ̀rọ̀ ìlú. Ó fi owó lé owó. Bàbá mi ní kó padà wá, àwọn á gbẹ́ òmíràn fún un tí kò ní jọ ìyẹn. Ó sì padà wá.

Nítorí náà, Àǹtí Àbẹ̀ní, agbọ̀n tó ní ẹja àti lékeléke tí àwọn ọmọ sọ fún yín kí ẹ hun, ti ìlú nìyẹn. Kó má kúrò ní Àjàṣẹ́. Ẹ dá àrà mìíràn fún oníṣòwò: kí ó jẹ́ aláwọ̀ kan, kí ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀, kí ìdí rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá rí agbọ̀n lẹ́kèéèrè á ti mọ èyí tí wọ́n tà àti èyí tí wọ́n fún ìlú. Tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ń ta ti ìlú, ojú rẹ̀ ló máa fi rí i, kò ní béèrè.

Àbẹ̀ní_Etí_Ọ̀sà dáhùn:

Ẹ ṣeun o. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi létí, a sì tún padà kà á.

Bàbá, ọ̀rọ̀ kòtò yẹn bà mí lẹ́rù gan-an, torí pé oníṣòwò náà ti sọ ọ́ fún mi. Ó ní tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ṣé n kò lè sin díẹ̀ sínú adágún kan. N kò tíì dá a lóhùn nígbà náà. Mo ti dá a lóhùn báyìí: kò ní ṣẹlẹ̀. Mo sọ fún un pé ìgbà kan lọ́dún ni a ń gé, iye tí yàrá mi bá gbà ni màá hun. Ó ráhùn, ó ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kò mọ ìgbà. Mo ní omi mọ̀ ọ́n. Ó ní òun á padà pè mí, ó sì pè, ó gbà, àmọ́ ó dín iye náà kù. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ Apẹja, mo lọ kí àwọn àgbà èbúté. Wọ́n gbà mí tayọ̀tayọ̀, bí ẹ ṣe sọ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe nawọ́ sí ọ̀nà ọkọ̀. Wọ́n tún béèrè nǹkan kan: pákó ibi ìgúnlẹ̀ ti jẹrà, àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń yọ̀ ṣubú níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Wọ́n ní nínú owó àkọ́kọ́ tó bá wọlé, ká tún un ṣe. Mo gbà. Ti òṣíbàtà, mo mú àwọn ọmọ lọ wò ó láti orí ilẹ̀, mo ní kí olúkúlùkù ya méjèèjì sínú ìwé rẹ̀. Wọn kò ní ṣì í mú mọ́.

Ará Attakè, n kò gbójú fo ọ̀rọ̀ yín. Sátidé kò ní kan owó. Àwọn ìyá mẹ́ta kan ní àdúgbò wa tó mọ ẹní í hun ni a jọ máa ṣe ti oníṣòwò láàárín ọ̀sẹ̀, a sì ti sọ iye tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kankan kò sí nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, mo ti ń wá bàtà òjò. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n màá rí i.

Ará Kétu, kí Ọlọ́run bá mi kí bàbá yín. Ọwọ́ agbọ̀n tuntun yẹn ti ń wá sí mi lọ́kàn.

Ohun kan ló kù. Àsìkò tí jàsẹ́ńtì ń dé gan-an ni òjò kejì wa ń rọ̀. Èyí tí a ń gé díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ń rí ibi sá a. Tó bá wá pọ̀, báwo ni màá ṣe gbẹ ẹ́ tí kò ní bu? Tí àmì dúdú bá ti yọ lára rẹ̀, ó parí.

Ìyá_Ahunní_Jàsin dáhùn:

Àbẹ̀ní, má tò ó sílẹ̀. Ilẹ̀ ni omi ti ń gòkè wá bá a. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gé e ni kí ẹ ti yọ ewé àti gbòǹgbò kúrò. Ọ̀pá tó bá nípọn, là á sí méjì, fi igi róbótó yí i mọ́lẹ̀ kí omi rẹ̀ lè jáde, kí o wá so ó rọ̀ sórí okùn ní ìdì kéékèèké, orí sísàlẹ̀. Ìdì ńlá ló máa ń bu láti inú. Kí okùn náà wà lábẹ́ páànù, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá. Tí oòrùn bá yọ, ẹ gbé e síta, tó bá ṣú, ẹ gbé e wọlé. Lálẹ́, a máa ń gbé ìko tiwa sókè ibi ìdáná, èéfín kì í jẹ́ kó bu, kòkòrò kì í sì í fẹ́ ẹ. Àwọ̀ rẹ̀ á dúdú díẹ̀, àmọ́ ará Kétu kúkú ní kí ti oníṣòwò yẹn jẹ́ aláwọ̀ kan. Má hun ún títí tí wàá fi ṣẹ́ ẹ, tó dún. Kí o tó hun ún, wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí o fi aṣọ bò ó mọ́jú, kó lè rọ̀ sí ọ lọ́wọ́.

Mo ní páànù àtijọ́ lẹ́yìn ilé, n kò fi ṣe nǹkan kan. Rán àwọn ọmọ wá gbé e ní Sátidé, ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà kan tẹ̀ lé wọn, etí rẹ̀ mú.